Ṣé O Mọ̀? Bí Òkúta àti Ẹja Ìpẹ̀kun Ayé Ṣe Ń Di Ìwé

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n rí òkú Robert Falcon Scott, arìnrìn àjò ọmọ Bìrìtéènì, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì nínú àgọ́ wọn ní Àǹtákítíkà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1912, òkúta tó tó kílò 16 ni wọ́n bá nínú ẹrù wọn? Ebi ti hàn wọ́n léèmọ̀, òtútù ti jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀, ibi tí wọ́n kó oúnjẹ pamọ́ sí kò sì jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà 18 lọ sí ibi tí wọ́n sùn tí wọn ò jí mọ́. Síbẹ̀ wọn ò ju òkúta yẹn nù. Orí òkè Buckley ni wọ́n ti ṣà á ní oṣù Kejì, ara wọn ni wọ́n sì fi ń wọ́ ọ bọ̀ lórí yìnyín.

Kí ló wà nínú òkúta ọ̀hún? Ewé ni. Ewé Glossopteris, igi kan tó ti pòórá láyé láti ohun tó lé ní ọdún mílíọ̀nù 200 sẹ́yìn. A. C. Seward, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Cambridge, ló yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, tó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1914. Irú ewé yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ti rí nínú òkúta ní India, ní Gúúsù Áfíríkà, ní Australia àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Igi ò lè rìn kọjá òkun. A jẹ́ pé ilẹ̀ ló rìn.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá péré kí Scott tó dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ọkùnrin kan dìde ní Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì láti sọ ohun kan náà gan-an? Alfred Wegener ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 1912, ó sọ fún àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ pé gbogbo ilẹ̀ ayé ti wà pọ̀ rí kí wọ́n tó pínyà. Scott dé ìpẹ̀kun gúúsù ní ọjọ́ 17. Ẹnì kan ní àlàyé lọ́wọ́, ẹnì kejì sì ń bọ̀ wá ṣa ẹ̀rí rẹ̀ jọ, èkíní kò sì mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Wegener fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọdún 1960 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó gbà. Òun fúnra rẹ̀ kò sí láyé láti rí i. Orí yìnyín Greenland ló kú sí ní oṣù Kọkànlá 1930, lẹ́yìn tó gbé oúnjẹ lọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní àárín yìnyín. Ní 1980, ìjọba Jámánì dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Bremerhaven, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fún un.

Owó tí àwọn ará Bìrìtéènì dá nígbà tí wọ́n gbọ́ ikú Scott ńkọ́? Apá kan lára èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ran ilé ìwádìí Scott Polar Research Institute lọ́wọ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 1920. Frank Debenham, onímọ̀ nípa òkúta tó bá Scott lọ, ló rò ó. Láti 1931 ni ilé náà ti ní jọ́nà tirẹ̀, Polar Record. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ tiwọn, Polarforschung.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹyin. Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọkùnrin mẹ́ta rìn nínú òkùnkùn biribiri, ní àárín ìgbà òtútù ọdún 1911, torí ẹyin ẹyẹ? Wilson, Bowers àti Cherry-Garrard ni wọ́n, lára àwọn èèyàn Scott. Ẹyin pẹ́ńgúìnì ńlá tí wọ́n ń pè ní emperor ni wọ́n ń wá ní Cape Crozier. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ayé ìgbà yẹn rò pé ọmọ inú ẹyin máa ń gba ìrísí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọjá kó tó di ara rẹ̀, wọ́n sì ń retí pé ọmọ pẹ́ńgúìnì yóò fi hàn bí ẹyẹ ṣe jáde láti ara àwọn ẹran afàyàfà. Òtútù náà dé dígírì 60 nísàlẹ̀ òdo. Eyín Cherry-Garrard gbọ̀n títí ó fi fọ́. Ìjì gbé àgọ́ wọn lọ, Ọlọ́run ló yọ wọ́n tí wọ́n tún fi rí i. Ẹyin márùn-ún ni wọ́n mú, méjì fọ́ lọ́nà, mẹ́ta ló délé.

Ní 1913, Cherry-Garrard gbé ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí mùsíọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1922, bí ẹni pé ó wá yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n ṣe sí i. Onímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kú. Ó dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ó tún kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí C. W. Parsons fi máa tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ọdún 1934 ti dé. Ọdún mọ́kànlélógún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí ẹyin náà wọ mùsíọ̀mù ti lè fẹ́yàwó. Kí sì ni àbájáde ọ̀hún wí? Pé ẹyin náà kò fi ohun púpọ̀ kún ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti pa èrò ọjọ́sí yẹn tì kí ẹnikẹ́ni tó kọ gbólóhùn kan nípa ẹyin mẹ́ta yẹn. Wilson àti Bowers ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ: àwọn ni ẹlẹgbẹ́ Scott méjì tí wọ́n bá nínú àgọ́ pẹ̀lú òkúta.

Tí o bá rò pé ọdún mọ́kànlélógún pẹ́, gbọ́ èyí. Dókítà George Murray Levick, òun náà lára àwọn èèyàn Scott, lo gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan láàárín àwọn pẹ́ńgúìnì Adélie ní Cape Adare. Ìwà ìbálòpọ̀ tó rí lọ́wọ́ àwọn akọ wọn kó o nírìíra débi pé álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ló fi kọ apá kan rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, kí ẹni tí kò kàwé má baà lè kà á. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìròyìn tí gbogbo ayé yóò rí. Ní 1915, ẹ̀dà 100 péré ni wọ́n tẹ̀, fún àwọn onímọ̀ nìkan. Àwọn èèyàn gbàgbé rẹ̀. Ọdún 2012 ni Polar Record tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ẹlòmíràn ti fi ojú ara wọn rí ohun kan náà, wọ́n sì ti kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun. Ní tèmi, ìtìjú Levick ná ìmọ̀ lówó ju ìjì Cape Crozier lọ.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti tẹ ìwé rí ní Àǹtákítíkà gan-an? Aurora Australis ni orúkọ rẹ̀. Ní ìgbà òtútù 1908, Shackleton, arìnrìn àjò mìíràn sí Àǹtákítíkà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ nínú ahéré wọn ní Cape Royds. Yíǹkì ń dì gbagidi, iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ kó tó ṣeé lò. Wọn ò ní páálí fún èèpo ìwé, wọ́n bá fọ́ àpótí oúnjẹ wọn sí wẹ́wẹ́, àwọn pákó rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe èèpo. Títí dòní, àwọn mùsíọ̀mù àti ilé ìkàwé máa ń fi orúkọ ohun tó wà nínú àpótí náà dá ẹ̀dà kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn: ti bọ́tà nìyí, ti ẹ̀wà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta wà lára àwọn tó kọ ọ́. Edgeworth David sọ bí wọ́n ṣe gun òkè oníná Erebus. Douglas Mawson ní tirẹ̀ kọ ìtàn àròsọ.

Nicolai Hanson, onímọ̀ nípa ẹranko láti Nọ́wè, kú ní Cape Adare kan náà tí Levick lọ lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹwàá 1899. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sin sórí ilẹ̀ Àǹtákítíkà. Ìròyìn nípa àwọn ẹran tó kó jọ jáde ní 1902.

Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí kò ní ìyẹ́ rárá, tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ, tó lè dì mọ́ inú yìnyín kó sì tún jí. Belgica antarctica ni wọ́n sọ ọ́ ní 1900, orúkọ ọkọ̀ Belgica tó gbé àwọn tó rí i. Erin kò sí níbẹ̀, ẹkùn kò sí. Nínú gbogbo ẹran tí kì í kúrò lórí ilẹ̀ ní Àǹtákítíkà, kòkòrò yìí ló tóbi jù.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta láti ọkọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Sweden lo ìgbà òtútù 1903 nínú ahéré òkúta kékeré kan ní Hope Bay, ẹran pẹ́ńgúìnì ni wọ́n ń jẹ. Ọkọ̀ wọn ti rì sínú òkun. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣa òkúta eléwé. T. G. Halle tẹ ìwé lórí àwọn ewé yẹn ní 1913. Èyí yá díẹ̀ ju ti ẹyin lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ti mọ irú òkúta tó wà ní Àǹtákítíkà kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀? Ọkọ̀ ìwádìí Challenger gbéra ní Portsmouth ní oṣù Kejìlá 1872, ó sì rìn yí ayé ká títí di 1876. Nígbà tó súnmọ́ yìnyín gúúsù ní 1874, wọ́n ju agbọ̀n onírin sísàlẹ̀ òkun, wọ́n fà á sókè, ni wọ́n bá rí òkúta tí kì í wà nísàlẹ̀ òkun rárá: irú òkúta tó ń ti ara ilẹ̀ ńlá wá. John Murray, onímọ̀ kan nínú ọkọ̀ náà, bi ara rẹ̀ pé ta ló gbé e débẹ̀. Òkìtì yìnyín ló gbé e. Yìnyín a máa ha òkúta lára ilẹ̀, a gbé e dé àárín òkun, bó bá ti yọ́, òkúta a rì. Lára àwọn òkúta tó ṣubú yìí ni Murray ti rí ẹ̀rí pé ilẹ̀ ńlá kan wà lábẹ́ yìnyín yẹn, kì í ṣe erékùṣù kéékèèké.

Kíkọ ohun tí Challenger kó bọ̀ gùn ju ìrìn àjò náà lọ fíìfíì. Ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n lò lójú omi. Láti 1880 títí di 1895 ni ìwé ń jáde, ìdìpọ̀ 50, ojú ìwé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000. Charles Wyville Thomson tó ṣáájú iṣẹ́ náà kú ní 1882, kò rí ìparí rẹ̀. Murray ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan bíi 4,700 ẹ̀yà ohun abẹ̀mí tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nípa rẹ̀ rí ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ pánla, ẹ súnmọ́bí. Ṣé o mọ̀ pé ẹja tí wọ́n sá gbẹ yẹn wà lára ohun tó bí ìmọ̀ nípa òkun ní àríwá ayé? Inú òkun Barents, lókè Nọ́wè, ni kọ́ọ̀dù, ẹja tí wọ́n ń sá di pánla, ń gbé. Bí ìgbà òtútù bá dé, á wẹ̀ wá sí Lofoten láti yé ẹyin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á, tí wọ́n ń so ó kọ́ sórí igi fún afẹ́fẹ́ tútù, kó tó di ẹrù ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó, orí rẹ̀ pàápàá kò gbẹ́yìn. Àwọn apẹja Lofoten rò pé ìsàlẹ̀ òkun ni ẹyin rẹ̀ ń wà. Ní àwọn ọdún 1860, G. O. Sars, onímọ̀ láti Nọ́wè, bá wọn lọ sójú omi, ó sì rí i pé ẹyin kọ́ọ̀dù ń léfòó ni. Lẹ́yìn náà ni Johan Hjort, onímọ̀ Nọ́wè mìíràn, béèrè ìdí tí ẹja fi ń pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́dún kan, tí wọ́n á wá a tì lọ́dún mìíràn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1914, ó ṣàlàyé pé kì í ṣe pé ẹja sá lọ síbòmíràn: ọdún kan wà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja máa ń yè, ọdún mìíràn wà tí púpọ̀ nínú wọn á kú kí wọ́n tó dàgbà. Ìlà ara ìpẹ́ ẹja tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní herring ló fi ka ọjọ́ orí wọn. Ó rí i pé àwọn tí wọ́n bí ní 1904 nìkan pọ̀ débi pé àwọn ni àwọn apẹja ń kó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ṣírò iye ẹja tó tọ́ kí wọ́n pa lọ́dọọdún ṣì ń tọ́ka sí ìwé yìí.

Ta ló san owó ìwádìí nípa àbùùbùtán? Àwọn tó ń pa á ni. Owó orí lára òróró àbùùbùtán ní àwọn erékùṣù gúúsù Àtìláńtíìkì ni ìjọba Bìrìtéènì fi gbé iṣẹ́ Discovery kalẹ̀ láti 1925. Ìwé ìròyìn rẹ̀, Discovery Reports, ń jáde láti 1929 títí dé 1980. James Marr kọ odindi ìdìpọ̀ kan níbẹ̀ ní 1962 lórí krill, edé kékeré tí àbùùbùtán ń jẹ. Marr yìí kan náà ni ọmọ sikáòtù tí Shackleton mú lọ nínú ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn ní 1921.

Ẹja kan wà ní òkun Àǹtákítíkà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ funfun bí omi. Àwọn apàbùùbùtán ti ń sọ ọ́ tipẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní 1954, Johan Ruud láti Nọ́wè tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nà Nature pé òótọ́ ni: ẹja náà kò ní èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Omi ibẹ̀ tutù débi pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun náà ń gbé èyí tó tó fún un. Apẹja ló kọ́kọ́ mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ló wà lórí ìwé. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ìdílé ẹja yẹn náà ni ọkọ̀ Polarstern ti ilé ìwádìí Wegener bá pàdé ní òkun Weddell ní oṣù Kejì 2021. Wọ́n ń wọ́ kámẹ́rà kọjá lórí ìsàlẹ̀ òkun. Ìtẹ́ ẹja kan yọ, òmíràn yọ, ó tún yọ, kò tán. Nínú àpilẹ̀kọ tó jáde ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ìtẹ́, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 240 kìlómítà níbùú lóròó. Kò tíì sí ibòmíràn tí wọ́n ti rí ẹja tó tẹ́ ìtẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kéré sí ọdún kan láti ojú kámẹ́rà sí ojú ìwé. Ta ni yóò sọ fún Cherry-Garrard?

Mo fẹ́ràn èyí tó ń bọ̀ yìí ju gbogbo wọn lọ. Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti ṣe àwárí ńlá nípa ohun abẹ̀mí inú òkun nítorí pé iṣẹ́ wọn bàjẹ́? Wọ́n fi omi gbígbóná lu ihò gba inú yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi mítà 900, ní pèpéle yìnyín Filchner-Ronne. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń wá, torí pé ẹrẹ̀ ni ìwé ìtàn wọn: ìpele kọ̀ọ̀kan ń sọ ìgbà tí yìnyín dé àti ìgbà tó lọ. Irin wọn balẹ̀, ó sọ gbàù, òkúta ńlá ni. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, òkúta! Àfi bí wọ́n ṣe wo fídíò tí kámẹ́rà gbé wá. Ohun abẹ̀mí ló so mọ́ ara òkúta náà, spọ́njì inú òkun àti àwọn mìíràn tó ní ọ̀pá, nínú òkùnkùn tí oòrùn ò dé rí, ní ibi tó jìnnà tó 260 kìlómítà sí ojú òkun gbangba. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kì í rìn. Ohun tí omi bá gbé wá ni wọ́n ń jẹ. Àwọn ìwé tó ti wà tẹ́lẹ̀ sọ pé irú wọn kò yẹ kó sí níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pe àwọn onímọ̀ ẹran omi, Huw Griffiths àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2021. Ẹni kankan ò tíì lè mú ọ̀kan nínú àwọn ẹran náà wá sókè, torí náà kò tíì sí orúkọ fún wọn.

Ó yí padà ní 2023: àwọn onímọ̀ ẹran omi ló dáhùn ìbéèrè àwọn onímọ̀ ilẹ̀. Ìbéèrè náà ti pẹ́: ṣé yìnyín ìwọ̀-oòrùn Àǹtákítíkà ti yọ́ tán rí nígbà tí ayé gbóná díẹ̀ ju tòní lọ, ní nǹkan bí ọdún 120,000 sẹ́yìn? Òkúta kò fẹnu kò. Sally Lau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá yíjú sí ọ́kítópọ́ọ̀sì kékeré kan, Pareledone turqueti, tí kì í rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n bí i sí. Wọ́n yẹ DNA 96 nínú wọn wò, púpọ̀ lára wọn sì ti wà ní mùsíọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó wà ní òkun Weddell àti àwọn tó wà ní òkun Ross ti fẹ́ ara wọn rí ní ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ yìnyín ńlá ló wà láàárín wọn lónìí. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà pàdé bí kò bá ṣe pé omi ti wà níbẹ̀? Jọ́nà Science ló gbé e jáde. Ẹni tó rẹ ọ́kítópọ́ọ̀sì sínú ọtí ní àwọn ọdún 1990 kò lè mọ̀ pé ẹ̀rí nípa yìnyín lòun ń tọ́jú.

Àràbà ní Àǹtákítíkà ńkọ́? Má rẹ́rìn-ín. Ní 2010, ọkọ̀ kan lu ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Wilkes Land, ó gba omi tó jìn tó kìlómítà 4, ó sì wọ inú ilẹ̀ tó kìlómítà 1. Nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde, wọ́n rí lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi tó ti wà níbẹ̀ láti bí ọdún mílíọ̀nù 50 sẹ́yìn. Ti ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Ti ìdílé Bombacoideae wà níbẹ̀, ìdílé tí àràbà àti igi oṣè wá lónìí. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde nínú Nature ní 2012. Ní ìpẹ̀kun àríwá pàápàá, ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde ní 2004 fi hàn pé Azolla, ewé tó máa ń bo ojú odò, ti bo ojú òkun yẹn rí ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 49 sẹ́yìn.

Ta ló ni ẹrẹ̀ wọ̀nyí? Gbogbo èèyàn. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ní i fún ìwọ̀n ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, onímọ̀ yòówù láti ibikíbi lè kọ̀wé béèrè fún díẹ̀ níbẹ̀. Ní ìlú Bremen nìkan, ẹrẹ̀ àti òkúta tí wọ́n tò sí yàrá tútù lé ní kìlómítà 150 ní gígùn.

Òfin pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Àǹtákítíkà ní Washington ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1959. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ wa Áfíríkà. Abala kẹta sọ pé ohun tí wọ́n bá rí àti àbájáde ìwádìí gbọ́dọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe tó. Nígbà tó di 1991, wọ́n fi àdéhùn Madrid kún un, tó sọ wíwa kùsà níbẹ̀ di èèwọ̀, àfi ti ìwádìí. Òkúta Àǹtákítíkà kò ṣeé tà, ṣùgbọ́n ó ṣeé kọ. Mo mọ àwọn ìlú tí ì bá sàn fún ká ní òfin yìí ló dé ọ̀dọ̀ wọn kí epo tó dé. Síbẹ̀ òfin kan ò ní kí jọ́nà má bu owó lé e: àpilẹ̀kọ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lè wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tó ń gba dọ́là kó tó ṣí. Jọ́nà Polar Research ti Nọ́wè ti ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. The Cryosphere, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tún lọ jù bẹ́ẹ̀: èsì àwọn akẹgbẹ́ tó yẹ iṣẹ́ wò, títí kan ìbáwí wọn, gbangba ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ẹran omi kankan ò lórúkọ tó dúró títí wọn yóò fi tẹ orúkọ náà jáde. Títí di 2012, ìtẹ̀jáde orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kà. Láti ìgbà yẹn ni ti íntánẹ́ẹ̀tì ti di ìtẹ́wọ́gbà, bí wọ́n bá ti fi orúkọ sílẹ̀ ní ZooBank. Béárì funfun ìpẹ̀kun àríwá ṣì ń jẹ́ Ursus maritimus Phipps, 1774, torí Constantine Phipps, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀. Skúìdì tó tóbi jù láyé gba orúkọ ní 1925 láti ara àwọn apá tí wọ́n bá nínú ikùn àbùùbùtán. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko kọjá kí kámẹ́rà tó rí ọ̀kan láàyè ní ibú tí í ṣe ilé rẹ̀, ní oṣù Kẹta 2025. Ọmọ kékeré ni, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 30.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Maria Klenova, onímọ̀ nípa ilẹ̀ abẹ́ òkun láti Soviet, ti kọ ìwé ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ ní 1948 kó tó ṣiṣẹ́ ní Àǹtákítíkà ní 1956. Amẹ́ríkà kò gbà kí obìnrin bá wọn lọ títí di 1969, nígbà tí Lois Jones kó ikọ̀ obìnrin mẹ́rin lọ ṣa òkúta. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn, mẹ́fà lápapọ̀, dé ìpẹ̀kun gúúsù lọ́dún yẹn, wọ́n so apá pọ̀, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé òun lòún kọ́kọ́ dé.

Má rò pé bí ìwé bá ti jáde, ọ̀rọ̀ parí. Ní 1984, Peter Webb, David Harwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ̀wé pé àwọn rí èèpo ohun abẹ̀mí inú òkun tí ojú lásán ò lè rí, lórí òkè gíga ní Àǹtákítíkà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bí ọdún mílíọ̀nù 3 lọ. Wọ́n ní òkun ti wọ ibẹ̀, yìnyín ló sì gbé e gùnkè. George Denton, David Sugden àti àwọn mìíràn ní rárá o, afẹ́fẹ́ ló fẹ́ ẹ débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi àpilẹ̀kọ da àpilẹ̀kọ lóhùn. Ọdún 1984 yẹn náà ni wọ́n ṣa òkúta kan tó já láti Mars lórí yìnyín Allan Hills; ní 1996, Science gbé e jáde pé ó ṣeé ṣe kí àmì ohun abẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ààrẹ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà títí dòní.

Ẹyẹ kékeré kan ń kọjá létí òkun wa lọ́dọọdún. Arctic tern ni, ó ń ti Greenland lọ sí òkun Weddell. Ní 2010, Carsten Egevang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹyẹ mọ́kànlá tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ lẹ́sẹ̀ rin nǹkan bíi 70,900 kìlómítà lọ́dún, ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀kánkán Cape Verde, wọ́n pín sí méjì: àwọn kan sọdá sí etí òkun Brazil, àwọn yòókù tẹ̀ lé etí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sísàlẹ̀.